Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo, Sẹ́ẹ̀tì, àti Ríìngì Karùn-ún

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ mú mi. Igbó-Elérin ni à ń gbé, ilé kẹta sí ẹnu títì, níbi tí èèyàn ti lè dùbúlẹ̀ sórí ẹní kó máa gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ó jọ ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, àmọ́ ó máa ń ta èèyàn nímú díẹ̀. Ríìngì kànga ni bàbá mi ń mọ níwájú ilé wa. Òrùka ńlá tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ni ríìngì yìí, ó ga dé ìbàdí mi nígbà náà, a sì máa ń tò wọ́n lé ara wọn nínú kànga kí iyanrìn má baà ya wọlé. Iyanrìn lásán ni ilẹ̀ wa láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga níbẹ̀ láìsí ríìngì, sàréè ló gbẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi lóṣòó ti ríìngì kan. Wọ́n mú tíráwẹ̀lì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bu sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi èèkù rẹ̀ kan ara ríìngì náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dẹtí sí i, wọ́n ní, “Ó ti sẹ́ẹ̀tì.” Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìyá mi, tí wọ́n ń ta kúlà oúnjẹ ní Alábà, fi pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Má tú sẹ́ẹ̀tì yẹn o! Ẹni tó bá tú u ló máa ra èyí tó bá ṣẹ́kù.” Kúlà mẹ́rin ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, títí dórí èyí tó kéré bí ife. Mo dé ilé ìwé, níbi tí mo ti wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama, olùkọ́ ìṣirò wa sì kọ lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà sójú pátákó: SET.

Mo nawọ́. Mo ní, “Sà, ọjọ́ mélòó ni tiyín máa ń gbà kó tó gbẹ?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ oníríìngì!” ni wọ́n ń kígbe, orúkọ yẹn sì tẹ̀ lé mi títí mo fi jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Jókòó. Ìbéèrè rẹ ò burú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀kan yìí ni mo gbá mú. Mo ra ìwé olójú-ewé ogójì, irú èyí tí táìmùsì tébù wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì kọ “Sẹ́ẹ̀tì” sí iwájú. Òfin mi kò ju méjì lọ: mo gbọ́dọ̀ fi etí ara mi gbọ́ ọ, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Ìyá Ṣadé onídìrí, tí wọ́n ń fi rólà ká irun àwọn oníbàárà wọn, tí wọ́n á ní kí wọ́n jókòó kí irun sẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé wa. Èèyàn márùn-ún ni sẹ́ẹ̀tì tiwọn, èyí tí wọ́n bá sì nà á jáde fún èyí tó kàn. Mo gbọ́ ọ lọ́dọ̀ káfíńtà tó ń tẹ eyín ayùn, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ó ní ayùn tí wọn ò bá sẹ́ẹ̀tì á há sínú igi ni. Mo gbọ́ ọ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: sẹ́ẹ̀tì sípánà tó wà nínú àpótí rẹ̀, àti ẹ́ńjìnnì tó ń sẹ́ẹ̀tì kó má baà máa wúkọ́ bí àgbàlagbà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mo ti ní méjìlá. Inú mi dùn débi pé mò ń fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí sùn.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé mo kàn ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni.

Bàbá mi kì í kánjú ríìngì. Ràímì lorúkọ wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọn ò sì ka ìwé kọjá kéú. Tí wọ́n bá yọ ríìngì kúrò nínú irin tí wọ́n fi mọ ọ́n, àpò tí wọ́n rẹ sínú omi ni wọ́n á fi bò ó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á sì máa bu omi lé e láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èyí máa ń rú àwọn aládùúgbò lójú. “Ràímì, ṣé o fẹ́ kó gbẹ ni àbí o fẹ́ kó hù?” ni ìyá arúgbó tó wà ní òdìkejì wa máa ń bi wọ́n. Bàbá mi á ní sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ, ó máa ń jinná ni, omi ló sì fi ń jinná. Àárọ̀ kùtù, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ni wọ́n máa ń kàn án wò, lẹ́nu, níkùn àti nídìí. Wọn kì í kàn án lọ́sàn-án láé. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ sí i ni pé, “Oòrùn ò mọ̀ ju ojú lọ.” Mo máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ìró ọkọ̀, láìbèèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá mi lọ sí Ìbà lọ wo iyanrìn. Ìyá mi ti lọ sí Alábà, ẹ̀gbọ́n mi sì bá wọn lọ. Èmi nìkan ni mo wà nílé nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Alàgbà kan láti ìjọ aláṣọ funfun ní Okokomáíkò ló sọ̀ kalẹ̀, láìwọ bàtà, nínú sùtánà. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ni Bàbá Hùnsù, ará Ègùn tó ń gbẹ́ kànga, àgbàlagbà tí ojúgun wọn ti funfun nítorí iyanrìn. Ríìngì márùn-ún ni ìjọ náà ti sanwó rẹ̀. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ìkarùn-ún kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, bàbá mi sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè.

Bàbá Alàgbà ní, “Ọmọ Ràímì, bàbá ẹ dà?”

“Wọ́n lọ sí Ìbà, sà.”

“Háà! Bàbá Hùnsù ń lọ sílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọn ò sì ní dé bọ̀rọ̀. Ríìngì karùn-ún yẹn ńkọ́?”

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, ibí yìí ni kó ti wò ó. Mi ò ní kí wọ́n dúró de bàbá mi. Mo wọlé lọ mú tíráwẹ̀lì. Mo ṣí àpò kúrò lórí ríìngì náà, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ràn sí i títí ojú rẹ̀ fi funfun bí ẹfun. Mo wá lóṣòó bí bàbá mi ṣe máa ń lóṣòó, mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu, mo dẹtí sí i. Ó dún kó, kó, kó.

Mo ní, “Ó ti sẹ́ẹ̀tì.”

Bàbá Hùnsù wò mí. “Ìyàwó mi, ṣé ó dá ẹ lójú? Èmi ni mo máa wà lábẹ́ ẹ̀ o.”

“Ó dá mi lójú, sà.” Mi ò sì dákẹ́ síbẹ̀. Mo sáré lọ mú ìwé mi, mo ka méjèèjìlá fún wọn níbẹ̀, ti irun, ti ayùn, ti kúlà. Bàbá Alàgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, “Pùrọ́fẹ́sọ̀! Ta ló máa bá pùrọ́fẹ́sọ̀ jiyàn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yí ríìngì márààrún sínú ọkọ̀, wọ́n sì fún mi ní bisikíìtì. Mo jókòó sórí ìdérí kànga wa, mò ń jẹ bisikíìtì, ara mi yá gágá.

Bàbá mi dé lẹ́yìn ìrun alásàárì. Wọn ò tíì kí mi tí ojú wọn fi bọ́ sórí ibi tí ríìngì karùn-ún wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ ni òrùka omi nínú iyanrìn.

“Àbẹ̀kẹ́, ta ló gbé ríìngì yẹn?”

“Àwọn Bàbá Alàgbà ni. Ó ti sẹ́ẹ̀tì, bàbá. Mo kàn án wò.”

“Ìgbà wo lo kàn án?”

“Lọ́sàn-án.”

“Nínú oòrùn?”

Gbólóhùn tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí ni. Oòrùn ti gbẹ ojú ríìngì náà fún mi, mo sì kan ojú, mi ò kan ìdí. Bàbá mi kò nà mí, wọn ò sì bú mi. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ jáde sí títì, wọ́n dá ọ̀kadà kan dúró. Bàbá mi tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìbà! Wọ́n gbé mi sí àárín, wọ́n ní kí ọlọ́kadà fò. Bó ṣe ń já gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn etí mi, ohùn kan náà, léraléra: “Yáà Ọlọ́hun, kí ríìngì yẹn má tíì wọ kànga. Kó má tíì wọlé.”

Ó ti wọlé. Ní àgbàlá ìjọ náà ní Okokomáíkò, ríìngì mẹ́rin ti rì sínú ilẹ̀, ìkarùn-ún sì jókòó lórí wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ewu náà wà. Agbẹ́kànga kì í gbẹ́ kànga parí kó tó to ríìngì. Inú ríìngì ló máa ń wà, á máa kó iyanrìn kúrò lábẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo wọn á sì máa fi ìwọ̀n ara wọn rì, díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀tún ṣáájú òsì. Tí èyí tó wà lókè kò bá lágbára, ìgbà tí wọ́n bá ń gbọ̀n ni yóò là. Orí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì já lé.

Àwọn ọkùnrin méjì ń fa garawa iyanrìn tútù sókè. Ohùn Bàbá Hùnsù ń jáde láti ìsàlẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde!” ni bàbá mi kígbe.

“Ta ló ń pariwo lé mi lórí?”

“Èmi ni, Ràímì. Ẹ jáde!”

“Ó ku garawa mẹ́ta kí n kan omi. Kí ló lé ẹ?”

“Ẹ fi omi sílẹ̀! Ríìngì tó wà lókè yín ò tíì jinná.”

Lẹ́yìn náà ni okùn le, tí a rí ọwọ́, tí a rí orí tó kún fún iyanrìn, tí Bàbá Hùnsù fi gun òkè jáde, tí wọ́n jókòó sílẹ̀. Bàbá mi fi ìka tọ́ka sí ìlà kan ní ìdí ríìngì náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó ti gùn dé àárín. Wọ́n ní kí wọ́n fi okùn gbé e kúrò. Kò tíì ga kọjá ìdajì ẹsẹ̀ bàtà tó fi là sí méjì bí obì. Ìdajì kan ṣubú sẹ́yìn sórí koríko. Ìdajì kejì bọ́ sínú kànga. A gbọ́ ọ nígbà tó kan ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa garawa tó kù síbẹ̀ jáde, ó ti pẹlẹbẹ bí àwo.

Bàbá mi wo garawa yẹn, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Hùnsù, nínú iyanrìn, lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu tó ní ó ti jinná, ẹnu ilé mi ni. Ẹ dárí jì mí.” Wọn ò dárúkọ mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mò ń sunkún débi pé mi ò ríran.

Bàbá Hùnsù gbé bàbá mi dìde. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n sì ní, “Ìyàwó mi, ṣé kí n tó san owó orí ẹ ni o fẹ́ dopó?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Bàbá Alàgbà náà rẹ́rìn-ín, tí wọ́n tún ń nu ojú. Ṣùgbọ́n mo rí Bàbá Hùnsù tí wọ́n gbé garawa pẹlẹbẹ náà lé ẹsẹ̀. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu iyanrìn kúrò lára rẹ̀.

Mo rò pé bàbá mi á jó ìwé mi níná lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun, wọ́n jí mi, wọ́n ní kí n mú un wá, kí n kà á sókè. Mo ka ti irun. Wọ́n ní, “Báwo ni Ìyá Ṣadé ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti sẹ́ẹ̀tì?” Mi ò mọ̀. Mo ka ti ayùn. “Báwo ni káfíńtà ṣe máa ń mọ̀?” Mi ò mọ̀. A ka méjèèjìlá bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ẹyọ kan. Wọ́n wá ní, “Àbẹ̀kẹ́, o gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, o ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Padà lọ bi wọ́n.” Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí ríìngì kan tó ti pé ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní kí n kàn án níbi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ, níbi tí oòrùn kì í dé. Ó dún yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po sìmẹ́ǹtì ríìngì mìíràn fún ìjọ náà, mo sì bu omi lé e fún ọjọ́ méje láìjẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ràn mí lọ́wọ́.

Mo fa ìlà gba inú ìwé mi kọjá, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ẹ ò lè mọ bí ayé ṣe máa ń lawọ́ sí ọmọ tó bá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìyá Ṣadé mú ìka mi, wọ́n fi kan rólà tó wà ní ìpàkọ́ oníbàárà, nítorí ibẹ̀ ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Káfíńtà gbé ayùn sójú ìmọ́lẹ̀ fún mi, ó ní kí n wo ihò tóóró tó gba àárín eyín rẹ̀ kọjá, pé tí mo bá rí i tó tọ́ láti orí dé ìdí, ó ti tó. Ìyá mi gbé páálí kúlà, wọ́n mì ín lẹ́bàá etí mi: sẹ́ẹ̀tì tó pé kì í dún. Olùkọ́ ìṣirò ní tí èèyàn bá lè mú ohunkóhun láyé kó sọ láìṣiyèméjì bóyá ó wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, sẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn ọmọ oníbọ́ọ̀lù ló yá jù. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé sẹ́ẹ̀tì wọn pé. Ọ̀kan ní, “Tí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù bá ti wà nínú ẹ̀ ni.”

Mi ò kẹ́kọ̀ọ́ èdè ní yunifásítì kankan. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Ìbà báyìí, níbi tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan hàn mí, ọ̀rọ̀ mi yìí sì kún ojú ewé bíi mélòó kan níbẹ̀. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò da ọ̀kan nínú rẹ̀ kọ. Kò sí ẹni tí mo lè bi pé báwo lo ṣe mọ̀.

Bàbá mi ṣì wà láyé, Ọlọ́hun ṣeun. Ẹ̀yìn wọn kò gba iṣẹ́ mọ́. Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní, “Mélòó ló kù?” bí ẹni pé iye kan wà tó máa parí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ọkàn mi pé wọn ò gba ìwé yẹn lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, nítorí ì bá tọ́ sí wọn láti gbà á.

Ọmọ tó jókòó sórí ìdérí kànga yẹn yára jù mí lọ. Ó rí méjìlá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń fi páńẹ́lì oòrùn sórí òrùlé lẹ́bàá Navy Town gun àkàsọ̀ wálẹ̀ láti dá mi lóhùn, ó sì mú mi gòkè lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tó fi ń mọ̀ pé ó ti sẹ́ẹ̀tì, èyí sì di ìkẹtàlélógójì. Mẹ́fà mìíràn wà ní ẹ̀yìn ìwé tí mi ò tíì kà mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ọ̀dọ́kùnrin tó ní ọ̀rẹ́ òun ti rí físà gbà, pé ó ti sẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ó sì ní òun á padà wá sọ fún mi. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ṣì jẹ́.